Àwa La Lu Ara Àlápáǹdẹ̀dẹ̀

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, Mọríámọ̀, tó ń kàwé ní yunifásítì tó sì gba yàrá sí Agbowó, ló ní kí n jókòó kí n sọ ìtàn iṣẹ́ tí mo ṣe láyé. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ tí àwọn jọ ń kírun ń bi ara wọn léèrè iṣẹ́ tó yẹ káwọn yàn, pé àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ fi ìwé sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Ó ní kí n gbà wọ́n níyànjú. Mo ní, "Mọríámọ̀, bí o bá ń wá ìyànjú, lọ bá ẹni tí inú rẹ̀ dùn." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi, ó ní kí n máa sọ ọ́ lọ. Ohun tí ẹ ó kà yìí, ẹnu mi ló ti jáde. Ẹ má retí oyin nínú rẹ̀.

Èmi ni Lámídì, pánẹ́ẹ̀lì-bítà. Bí ọkọ̀ yín bá forí sọ òpó, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tẹ̀ wọnú, tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ká jọ bí ewé gbígbẹ, àwa lẹ ó gbé e wá bá. A ó máa lu irin náà títí yóò fi padà sí bó ṣe wà. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi lu irin. Bí mo ṣe débi iṣẹ́ náà kò gùn: bàbá mi mú mi lọ bá ọ̀gá, wọ́n kọ ìwé, wọ́n ṣe àdúà, ó parí. Ohun tí mo rí níbẹ̀ náà, òun la fi bọ́ ọmọ. Ìyẹn náà parí.

Ọ̀gá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn.

Gbàdàmọ́sí lorúkọ wọn. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Ring Road nígbà tí igbó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbẹ̀. Wọn ò ga, ọwọ́ wọn nípọn, wọn ò sì fẹ́ràn ariwo rárá, àwọn tó jẹ́ pé ariwo gan-an niṣẹ́ wọn. Ọdún kan gbáko ni wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òòlù. Àkísà tínrín kan ni wọ́n fún mi. Wọ́n ní kí n tẹ́ ẹ sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì mi, kí n di ojú, kí n máa fi ọwọ́ náà gba ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ kọjá, kí n sọ ibi tó kún àti ibi tó jìn. Bí mo bá ṣì í, wọ́n á ní, "Tún un ṣe." Bí mo bá lajú yọ́ ọ wò, èèkù òòlù onígi á bà mí lórí.

"Ojú a máa purọ́ fúnni," báyìí ni wọ́n máa ń wí. "Páànù tó bá ti ń dán, ojú á ní ó tẹ́jú. Àtẹ́lẹwọ́ ni kò mọ irọ́ í pa."

Nígbà tí mo wá gba òòlù tán, mo rò pé mo ti mọṣẹ́. Bódì fílà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìgboro nígbà náà, ìyẹn èyí tí wọ́n ń pò bí ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń dí ibi tó bá tẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ oníṣòwò kan fún mi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀. Dípò kí n lù ú jáde, mo po fílà, mo fi dí i, mo fi pépà ha á títí ó fi jọ́lọ̀. Oníṣòwò náà ti dé, ó ti ń yìn mí. Ọ̀gá fi ìka kan ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó, wọ́n mú òòlù, wọ́n sì fọ́ gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀ lójú oníbàárà.

"Bí o bá fẹ́ máa rẹ́ ògiri," wọ́n ní, "lọ kọ́ṣẹ́ bíríkìlà."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lu ibi kékeré yẹn. Mo sunkún. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò bá fílà lára iṣẹ́ mi mọ́.

Lọ́jọ́ kan ni Prófẹ̀ wá. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ó ti kú, òkú kì í sì í rojọ́. Olùkọ́ àgbà ni ní yunifásítì, ilé rẹ̀ wà ní Bódìjà. Ẹ ó rí i pé "ó" ni mò ń pè é, mi ò pè é ní "wọ́n". Mọríámọ̀ ti fẹ́ tún un ṣe, mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ogójì ọdún ni mo fi pè é ní "wọ́n", ó tó.

Ọkọ̀ kan ló gbé wá. Ọkọ̀ náà ò ga ju ìbàdí èèyàn lọ, aláwọ̀ ewé ni, ilẹ̀kùn méjì péré, iwájú rẹ̀ gùn, kò ní òrùlé, àfi aṣọ tí wọ́n ń ká. Bí ó bá ń lọ, á máa fò mọ́lẹ̀ bí ẹyẹ. Àwọn ọmọ Bódìjà ló sọ ọ́ ní Àlápáǹdẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ló tẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀gá tẹ́ àkísà, wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n sì yọ ọwọ́ wẹ́rẹ́.

"Sà, èyí kì í ṣe irin."

Inú Prófẹ̀ dùn. Ó yọ òòfà kékeré kan lápò, ó fi í lé ara ọkọ̀ náà, òòfà jábọ́ sílẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ọkọ̀ náà fún wa. Ó ní nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní ìlú òyìnbó kọ́kọ́ gbé e jáde, wọn ò rò pé àwọn èèyàn máa rà á. Wọn ò tíì ra ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ irin. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù wọn ló fi ọwọ́ lu àwọn àkọ́kọ́, páànù funfun bíi ti àwọn tó ń rọ ìkòkò ni wọ́n lò, igi ni wọ́n sì fi ṣe egungun rẹ̀ nínú. Kò pẹ́ ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í jà sí i. Wọ́n bá ra ẹ̀rọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ onírin jáde.

"Ti onírin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni," Prófẹ̀ ní. "Ti àfọwọ́lù, wọn ò pọ̀. Wo nọ́ńbà tèmi." Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi awo kékeré kan hàn wá. Nọ́ńbà ara rẹ̀ kò tó àádọ́ta. "Gbogbo ọdún ni iye wọn ń dín kù. Àwọn kan jóná, àwọn kan dípẹtà, wọ́n sì ti tú àwọn kan palẹ̀. Àwa tó ní i kárí ayé, a máa ń kọ̀wé síra wa, a máa ń kà wọ́n."

Ọ̀gá ò gbọ́ ti kíkà. Wọ́n ní, "Ṣé èèyàn ló fọwọ́ lu èyí, sà?"

"Èèyàn bíi tìẹ."

Ọ̀gá yí ọkọ̀ náà po títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Nígbà tí Prófẹ̀ lọ tán, wọ́n sọ fún mi pé, "Lámídì, ẹni tó lu èyí, ọ̀gá mi ni. Mi ò mọ̀ ọ́n, kò mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ni."

Bí a ṣe di oníṣẹ́ Prófẹ̀ nìyẹn. Mo kọ́ṣẹ́ tán, mo gba ìyọ̀ǹda, ṣùgbọ́n mi ò kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ẹ bi mí ìdí. Mi ò mọ̀, bóyá nítorí pé kò sí ibòmíràn tí mo ti lè rí irú ọwọ́ yẹn wò ni.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Prófẹ̀ gbé àlejò kan, olùkọ́ bíi tirẹ̀, sínú Àlápáǹdẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, ó fẹ́ fi eré ọkọ̀ náà hàn án. Lójú ọ̀nà tó ti Bódìjà lọ sí Sẹkitéríàtì, ó lọ kọlu ẹ̀yìn ọkọ̀ oní-sìmẹ́ńtì. Orí kó àwọn méjèèjì yọ. Ṣùgbọ́n iwájú ọkọ̀ náà ti rún. Bọ́nẹ́ẹ̀tì, imú, àti apá méjèèjì tó bo táyà, gbogbo rẹ̀ ló ya bí ìwé. Prófẹ̀ fi tapólì bò ó, ó fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e wá. Ìtìjú ti gbà á lójú.

"Gbàdàmọ́sí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Mo bẹ̀ ọ́."

Ọ̀gá ṣí tapólì wò. "Sà, èyí ò ṣe é tún ṣe. Ó ti ya. A máa ní láti lu òmíràn ni."

"Ṣé o lè lù ú?"

Ọ̀gá fọwọ́ gba etí ibi tó ya kọjá. Wọ́n wá ní, "Wọ́n bí ẹni tó kọ́kọ́ lù ú ni, sà."

A fi páànù yí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ká kí èrò ojú ọ̀nà má bàa rí wa. A ra páànù funfun tó nípọn ní Dùgbẹ̀. Ọ̀gá fi igi gúrọ́fà gbẹ́ òòlù tuntun, wọ́n rọ yanrìn sínú àpò awọ tí a ó máa lu páànù lé lórí. Prófẹ̀ kó àwòrán ọkọ̀ náà wá, a fi wọn ìlà ara rẹ̀ gbogbo. Ṣùgbọ́n páànù yẹn ò jọ irin. Bí ẹ bá yan irin níná kó lè rọ̀, á pọ́n, ẹ ó sì mọ̀ pé ó tó. Páànù funfun kì í pọ́n. Bó ṣe wà ló máa wà, ojú ẹsẹ̀ ló máa yọ́ tí á ṣàn sílẹ̀. Mẹ́ta ló bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìyàwó ọ̀gá, Ìyá Kúbúrá, ló yanjú rẹ̀. Wọ́n ń fọṣọ nítòsí, wọ́n ní, "Bí ọṣẹ bá gbẹ mọ́ ara ìkòkò tí mo gbé e kaná, ọṣẹ máa ń dúdú kí ìkòkò tó bàjẹ́. Ẹ ò ṣe fi ọṣẹ pa á?" A fi ọṣẹ pa páànù. Bí ọṣẹ bá ti di dúdú, a ó gbé iná kúrò. Páànù náà á rọ̀ bí awọ. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà débi pé wọ́n jókòó sílẹ̀.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀, mi ò tíì sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn rí.

Àgbá la fi ń ṣe gáàsì nígbà yẹn. A ó da omi àti kábáìdì sínú àgbá, gáàsì á jáde gba inú rọ́bà lọ sí ẹnu irin tí a fi ń jó nǹkan pọ̀. Láàárín àgbá àti rọ́bà, agolo irin kékeré kan wà tí omi gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Omi yẹn ló ń pa iná bí iná bá fẹ́ ṣẹ́rí padà. Bí omi náà bá gbẹ, iná á rí ọ̀nà wọnú àgbá. Èmi ni mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, apá òsì ọkọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara rẹ̀, inú mi ń dùn, mi ò fẹ́ fi òòlù sílẹ̀. Ọ̀gá pè mí láti ẹ̀yìn.

"Lámídì, o wo omi?"

"Mo ti wò ó, sà."

Mi ò wò ó.

Ọ̀gá ṣáná sí ẹnu irin náà. Ìró kan ṣoṣo ni mo gbọ́, lẹ́yìn náà etí òsì mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ títí di òní. Nígbà tí èéfín kúrò, àgbá ti ya sí méjì, ọ̀gá wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, wọn ò pariwo. Mo ti sọ fún yín pé wọn ò fẹ́ràn ariwo. A gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn, ṣùgbọ́n ojú méjèèjì lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, mo ní, "Ọ̀gá, mi ò wo omi yẹn."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ. Ó yẹ kí n lọ wò ó fúnra mi." Wọ́n nawọ́ wá mi, wọ́n di apá mi mú. "Má sọ fún Ìyá Kúbúrá. Obìnrin yẹn ò lè dárí jì ọ́, ìwọ ló sì máa kù tí á máa bá a gbé nǹkan." Títí di òní olónìí, Ìyá Kúbúrá ò mọ̀.

Mo rò pé ọkọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Lóṣù kejì, ọ̀gá ní kí n mú àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ní kí n lu apá ọ̀tún. Ìgbà kọ̀ọ̀kan wọ́n á ní, "Gbé e wá." Wọ́n á tẹ́ àkísà sábẹ́ ọwọ́, wọ́n á fi gba ara páànù kọjá, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbá ọmọ lẹ́yìn. "Ibí ṣì jìn. Ibí kún ju ibòmíràn lọ. Lámídì, gbọ́, lù ú bíi pé o ò fẹ́ lù ú." Oṣù márùn-ún. Ọwọ́ mi ló lù ú, ọwọ́ wọn ló ríran. Nígbà tí a tò ó pọ̀, tí ọlọ́dà kùn ún ní aláwọ̀ ewé, mo yí i po, mi ò rí ibi tí iṣẹ́ òyìnbó parí sí tí tiwa bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a ṣe é gan-an ò mọ̀ ọ́n.

Prófẹ̀ wá gbé ọkọ̀ rẹ̀. Ó di ọwọ́ ọ̀gá mú, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹnu yín, ẹnu mi. Kí ọ̀rọ̀ ìjàǹbá yìí má jáde." A gbà fún un. A rò pé nítorí ìtìjú ni. Lẹ́yìn náà, ó wá kí ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gbé páálí mílíìkì kan lọ́wọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọ̀gá fi jókòó lókùnkùn níwájú ilé kí ọlọ́jọ́ tó dé, wọ́n á máa fi ọwọ́ gba ara ohunkóhun tó bá wà nítòsí kọjá: abọ́, ìjókòó, orí àwọn ọmọ ọmọ. Prófẹ̀ ò wá mọ́. Kò wá síbi òkú. Ẹní bá ṣu ló ń gbàgbé, ẹní kó o kì í gbàgbé.

Èmi ṣì ń lọ sí Bódìjà lọ́dọọdún láti tọ́jú ọkọ̀ náà. Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi ń lọ. Inú páànù yẹn ni ojú ọ̀gá mi lọ sí.

Iṣẹ́ náà ń yí padà. Sìlíńdà gáàsì dé, a bọ́ lọ́wọ́ àgbá; ó dára, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù fún ẹnì kan. Lẹ́yìn náà tòkunbọ̀ kún ìlú. Kí ló dé tí ẹ ó fi máa lu bọ́nẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí wọ́n ti gé odindi iwájú ọkọ̀ láti ìlú òyìnbó, tí wọ́n kó o jọ bí igi ìdáná, tí ẹ ó kàn lọ mú èyí tó bá yín lára mu? Mo kó ṣọ́ọ̀bù lọ sí Challenge. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ń pa òòlù tì, wọ́n ń lọ gun ọ̀kadà. Ẹni tó gbẹ̀yìn wọn sọ fún mi pé, "Bàbá, iṣẹ́ yìí ti kú." Ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ ni, ó sì dọ̀bálẹ̀ kó tó lọ. Ọwọ́ mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa.

Prófẹ̀ kú. Kò tíì pé ọdún kan tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Fọlárìn, tó ń gbé òkè òkun, fi pè mí lórí fóònù. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ó ní, "Bàbá Lámídì, ẹ ẹ̀ ní bínú, òyìnbó kan fẹ́ ra ọkọ̀ dádì. Ó ń bọ̀ wá wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá síbẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù."

Mo sọ fún Ìyá Kúbúrá. Wọ́n ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Wọ́n ní, "Lọ. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé bàbá Kúbúrá ló ṣe é." Mo wọ agbádá.

Òyìnbó náà ti dàgbà díẹ̀, onírẹ̀lẹ̀ èèyàn ni, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó fi òòfà dán gbogbo ara ọkọ̀ náà wò. Ó wo nọ́ńbà rẹ̀, ó wo inú ìwé tó mú lọ́wọ́, níbi tí wọ́n ka gbogbo àwọn àfọwọ́lù sí, èyí tó kù àti èyí tó ti lọ. Ó wá dé apá òsì níwájú. Ó gbé ọwọ́ lé e. Ó di ojú. Mo sọ fún yín, ó di ojú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbà á kọjá, jẹ́jẹ́. Ó sọ̀rọ̀ gígùn kan fún Fọlárìn.

Mo ní, "Kí ló wí?"

"Ó ní kò sí irú ọwọ́ báyìí mọ́ láyé. Ó ní àwọn tó lu èyí ti kú tán."

Mo ní, "Sọ fún un pé ọ̀kan ti kú. Ọ̀kan ló dúró níwájú rẹ̀ yìí."

Fọlárìn wò mí. "Bàbá?"

Mo sọ ọ́ fún un. Ọkọ̀ oní-sìmẹ́ńtì, tapólì, ọṣẹ, àgbá, ojú ọ̀gá. Ojú Fọlárìn yí padà. Ó fà mí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Tí ara rẹ̀ ò bá jẹ́ èyí tí wọ́n bá a ṣe láti ìlú òyìnbó, kì í ṣe nǹkan kan náà mọ́. Ẹ jẹ́ kí ó tà."

"Mo ti dákẹ́ fún bàbá rẹ fún ogójì ọdún ó lé. Bá mi sọ ọ́ fún un."

Ó sọ ọ́. Mo rí i pé ó sọ ọ́ tán, nítorí òyìnbó náà gbọ́ ọ pẹ̀lú sùúrù, ó sì ń wo ọwọ́ mi. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ṣí àpò rẹ̀, ó mú ìdì lẹ́tà kan jáde. Lẹ́tà Prófẹ̀ ni, èyí tó ti ń kọ sí ẹgbẹ́ àwọn tó ní irú ọkọ̀ náà láti ọdún pípẹ́. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ bí mo ṣe mọ tèmi. Fọlárìn ka ọ̀kan nínú wọn, ó ń túmọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀: "Inú mi dùn láti sọ fún yín pé ara ọkọ̀ mi ṣì wà bí wọ́n ṣe lù ú ní ilẹ̀ yín. Ọwọ́ ẹlòmíràn ò kàn án rí."

Ọwọ́ ẹlòmíràn ò kàn án rí.

Déètì lẹ́tà náà, ọdún kejì tí ojú ọ̀gá lọ ni. Ìdí nìyẹn tó fi ní ẹnu yín, ẹnu mi. Wọ́n ń ka àwọn tó kù tí nǹkan ò tíì ṣe, ó sì fẹ́ kí wọ́n ka òun mọ́ wọn. Nítorí nọ́ńbà lásán nínú ìwé kan lókè òkun, ó nu ojú ọ̀gá mi kúrò láyé.

Òyìnbó náà fọwọ́ lé mi léjìká. Fọlárìn ní, "Ó ní bóyá ẹ bá dádì tún ibì kan ṣe díẹ̀ rí, tó wá dà pọ̀ mọ́ra lọ́kàn yín. Ó ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn àgbà. Ó ní òun mọ iṣẹ́ àwọn ọ̀gá, kò sí ẹni tó lè lu irú èyí ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ títì."

Mo ní, "Ẹ fún mi ní páànù kan. Ẹ fún mi ní òòlù àti ọ̀sẹ̀ kan."

"Bàbá," Fọlárìn ní, ohùn rẹ̀ rọ̀, "ọwọ́ yín ń gbọ̀n."

Mo wo ọwọ́ mi. Lóòótọ́ ni.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ó bá a, ojú mi ló ṣe. Wọ́n kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n sì ní kó padà sílé. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Èyí gan-an ni wọ́n rí kí wọ́n tó pa á lówe. Wọ́n ti Àlápáǹdẹ̀dẹ̀ sínú kọ̀ǹténà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí Mọríámọ̀ ní kí n bá sọ̀rọ̀, mi ò ní kí ẹ má kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Ẹ kọ́ ọ. Bí ọ̀gá yín bá le, ẹ dúró. Bí ó bá bi yín pé ẹ wo omi, ẹ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi iṣẹ́ tí ẹ ṣe pamọ́ nítorí ìtìjú tirẹ̀, ì báà sunkún, ì báà jẹ́ prófẹ́sọ̀, ẹ kọ̀ fún un. Kò sí ìmọ̀ràn mìíràn lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ tí mo kúrò ní Bódìjà yẹn, mo wọ takisí Máíkírà, mo gba Challenge lọ sílé ọ̀gá tààrà. Ìyá Kúbúrá ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti wé gèlè dè mí.

"Ṣé o rí òyìnbó náà?"

"Mo rí i, Ìyá."

"Ṣé o sọ fún un?"

"Mo sọ fún un."

"Kí ló wá wí?"

Mo jókòó. Mo bọ́ bàtà. Mo ní, "Ó ní irú ọwọ́ yẹn ò sí láyé mọ́. Ó ní kí n sọ orúkọ wọn fún òun, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ náà bá dé, orúkọ bàbá Kúbúrá á máa bá a lọ."

Wọ́n ń gbọn orí díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ wọn ń ká etí ìró wọn. Lẹ́yìn náà ojú wọn ṣí bíi ti ọmọdé.

"Báwo ló ṣe pe orúkọ náà? Òyìnbó á ṣe lè pè é?"

Mo fún imú mi pọ̀, mo ká ẹnu bíi ti òyìnbó. Mo ní, "Gabadamósìì."

Ìyá Kúbúrá pariwo ẹ̀rín. Wọ́n fọwọ́ lu itan, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní kí n tún un pè. Mo tún un pè.